Etíkun Tàbí Orí Òkè

Ọjọ́ Sátidé ni bàbá bíríkìlà gbọ́dọ̀ kó kúrò nínú yàrá rẹ̀. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì nílé ìwẹ̀, dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un láìfi bọpo bọyọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dá gbé mọ́. Ọ̀dọ̀ ọmọ ló kù. Méjì ló bí, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, àbúrò obìnrin, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn odi, lọ́nà tó jìn síra wọn.

Aago méjì ọ̀sán ló wọ ọ́fíìsì obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Ojú rẹ̀ le koko. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti tábìlì, ó jókòó.

"Ìlú méjì ni," ó ní. "Ọ̀kan létíkun, ọ̀kan lórí òkè. Sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi."

Obìnrin náà tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Etíkun fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣíwájú wa, Bàbá. Orí òkè fi mẹ́fà wà lẹ́yìn wa. Etíkun móoru, ibẹ̀ làwọn èèyàn ń rọ́ lọ ṣe fàájì. Orí òkè tutù, àmọ́ ó rẹwà kọjá àfẹnusọ."

Fóònù bàbá dún. Ẹ̀gbọ́n ni. Bàbá tẹ sípíkà kí obìnrin náà lè gbọ́.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán. Mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́, mi ò ní pẹ́. Etíkun ni o! Ooru ibẹ̀ nìkan tó oògùn fún orúnkún yín. Ilẹ̀ ibẹ̀ tún tẹ́jú pẹrẹsẹ."

"O ti wí bẹ́ẹ̀ lánàá." Bàbá pa fóònù.

Kò tíì gbé e sílẹ̀ tí àbúrò náà fi pè. Ó ń yán.

"Bàbá mi, oorun ti kún ojú mi o. Ṣé Bùọ̀dá tún ti ń sọ̀rọ̀ etíkun? Ẹ má dá wọn lóhùn. Ooru ò dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Orí òkè ni kẹ́ ẹ lọ, atẹ́gùn ibẹ̀ mọ́ lóló."

"Mo gbọ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Orí yín mà dáa o, Bàbá! Àwọn kan bímọ, ọmọ ò béèrè wọn. Tiyín ń jà lórí yín. Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

"Mi ò tíì kú."

Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu obìnrin náà. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun àkàbà káwọn méjèèjì lè kàwé." Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ gbà! "Kí wọ́n wá máa gbá mi bíi bọ́ọ̀lù!"

"Ìfẹ́ ló fà á, Bàbá."

Bàbá ní kó kọ etíkun, torí orúnkún òun ò lè gun òkè kankan mọ́.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà. "Ọjọ́ Ẹtì lọkọ̀ máa gbéra. Wọ́n ń béèrè ọmọ tó máa wá pàdé yín ní pápákọ̀ òfúrufú. Mo ti kọ ẹ̀gbọ́n síbẹ̀."

"Pa á rẹ́," ni bàbá wí. "Àbúrò ló ń gbé létíkun, ẹ̀gbọ́n ló ń gbé lórí òkè."