Orin Wàsílátù Ò Gbọdọ̀ Dá

"Ẹ máa kọrin, Ìyá Abíọ́lá. Ẹ má dákẹ́ o."

Wàsílátù ń kọrin.

Iná ńlá ń tàn sí i lójú, gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀.

Orin tó fi ń ta léèsì lọ́jà Aswani ló ń kọ, èyí tó ti ń kọ láti ìgbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù ìjọba, ti sọ gbogbo Ìsọlọ̀ di oníléèsì:

*Léèsì rèé, ẹ wá wò ó,*
*ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun.*

Ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ọ̀gá ti kìlọ̀ fún un: bó bá dákẹ́, ó lè má kọrin mọ́ láyé.

Orin ọjà tán. Ó bọ́ sórí orin èébú.

Obìnrin tó dúró tì í rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ta lẹ ń bú?"

"Orogún mi ni."

"Ẹ bú u dáadáa," ni Ọ̀gá wí.

Lójijì, ohùn rẹ̀ há. Ó lanu, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde.

 

"Ọwọ́ mi ló kàn án," ni Ọ̀gá wí, ó rọra yẹ ọwọ́. "Ẹ tún un kọ."

Ó tún un kọ. Ohùn jáde gaara bí agogo.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Fọ́nrán tó ń gbé ohùn yín nìyẹn. Abẹ́ gẹ̀gẹ̀ ló sá sí. Díẹ̀ ló kù kí n gé e."

Nǹkan kan tó tóbi bí ọsàn bọ́ sínú abọ́, gbì.

Wàsílátù tún dá orin mìíràn.

"Ó tó, Ìyá Abíọ́lá," ni Ọ̀gá wí. "Agbára abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora ti fẹ́ tán lára yín. Ẹ dákẹ́ wàyí, kí n lè rán ọrùn yín."