Odò Kékeré Tó Pa Rẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ má kà á dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀ o. Ẹ kà á tán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.

1.
"Ta ló ní kó o pa odò wa rẹ́?"

Ìyá oníbúrẹ́dì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ọ́fíìsì àbúrò rẹ̀. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó nàka sí àwòrán odò tó wà lára ògiri: nínú àwòrán náà, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ funfun báláú, kò sí odò kankan níbẹ̀.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ilé ń pe àbúrò yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ya odò sínú kọ̀ǹpútà, kó rọ òjò lé e lórí níbẹ̀, kó wá sọ ibi tómi máa dé tí wọ́n bá ṣí dáàmù tí wọ́n fi sé odò ńlá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra, àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́! Ṣé omi rọra wọlé mi ni?"

2.
Ẹ wo ohun tí Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ṣe kómi tó dé. Odò kékeré kan gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bọ́ sínú odò ńlá. Ibẹ̀ làwọn méjèèjì ti ń wẹ̀ lọ́mọdé. Gbogbo ìgbà tó bá so odò méjèèjì pọ̀, kọ̀ǹpútà á dákú. Ó tún un ṣe, ó tún dákú. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ń kanlẹ̀kùn: "Ṣó ti jáde? Àwọn àlejò tó fẹ́ wò ó ti jókòó o!"

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà sì ti fọ́nnu káàkiri pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó òun. Ló bá pa odò kékeré rẹ́. "Odò tí ewúrẹ́ ń fò kọjá, kí ló fẹ́ ṣe?" Kọ̀ǹpútà bá sáré bí ẹṣin. Àwòrán jáde, ó rẹwà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sọ fẹ́nì kankan.

3.
Òjò dé. Àwọn tó ń bójú tó dáàmù kéde pé àwọn máa ṣí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Àbúrò mi, ṣé ká kó jáde ni? Bàbá àwọn ọmọ ní omi ẹ̀yìnkùlé ti ń ga."

Àbúrò rántí odò tó pa rẹ́. Àmọ́ tó bá ní kí wọ́n sá, wọ́n á bi í pé kí ló dé, àṣírí á sì tú.

"Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́. Mo ti rí omi yẹn lórí kọ̀ǹpútà, kò ní dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ó dáa, ìwọ lo kàwé."

Wọ́n ṣí dáàmù. Odò ńlá kún, kò jẹ́ kí odò kékeré ráyè wọ inú rẹ̀. Ìyẹn bá ń padà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́, ó ya wọ ilé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe búrẹ́dì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé àpò ìyẹ̀fun sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Omi tútù pàdé ògiri ààrò tó gbóná. Ògiri là, ó wó lù ú.

4.
"Mo bi ẹ́ lórí fóònù," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ nínú ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Kò pariwo mọ́. "O mọ̀ àbí o ò mọ̀?"

Àbúrò rẹ̀ yọ àwòrán náà kúrò lára ògiri.

"Búrẹ́dì ọkùnrin yẹn lo jẹ dàgbà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò omi fún ìlú, tíṣẹ́ ò bá tíì pé, ẹ sọ pé kò tíì pé! Ìtìjú ò ní pa yín. Irọ́ tó rẹwà ló ń pa ará ìlú. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ̀ ń kanlẹ̀kùn, ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìyẹ ń gbé mì.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti ra kọ̀ǹpútà tuntun fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló di opó.