Sípíríìnì Inú Igbó

Irin tán ní àgbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé mi, àwọn àgbẹ̀ sì ń retí àdá. Mo fẹ́ lọ tú sípíríìnì, irin gígùn abẹ́ ọkọ̀, lára ọkọ̀ akẹ́rù tó dojú dé nínú igbó.

Làmídì aládùúgbò mi ní, "Ìyá Mofẹ́, dẹ́rẹ́bà kú sínú ọkọ̀ yẹn o!"

"Ṣé òkú fẹ́ fi irin rẹ̀ roko ni?"

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí mo débẹ̀. Bí mo bá ti lu nọ́ọ̀tì, ohun kan a lù padà láti inú ọkọ̀. Mo dúró, òun náà dúró.

Irin já. Mo gbé ìdí kan rẹ̀ léjìká. Ìdí kejì kò kúrò nílẹ̀.

"Ìwọ tó ń lù padà, n kò ní fi í sílẹ̀ o! Wá bá mi gbé e!"

Ìdí kejì gbéra.

N kò wẹ̀yìn. Mo ní, "Ó yá, máa bọ̀."