Ọṣẹ Tí Òòyà Yàn fún Ìyàwó

“Wọ́n ní òòyà sọ nípa orí ìyàwó… pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án…”

“Háà! Orí ni àbí ààrò gbígbóná?” Báyìí ni àwọn obìnrin ilé ń sọ ọ́ láàárín ara wọn.

Jọlásún, àbúrò ọkọ, gbọ́ ọ. Òun ló fi òòyà ilé wọn tó ń sọ̀rọ̀ ya irun ìyàwó láàárọ̀, kí òòyà lè sọ ọṣẹ ìfọrun tó bá awọ orí rẹ̀ mu. Òun náà ló lọ jíṣẹ́ fún Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, àgbà ìyàwó ilé: “Ó ní kí wọ́n má fi ọwọ́…” Àǹtí ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó ti figbe ta. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, Jọlásún bá dákẹ́.

Ní báyìí, ìyàwó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú irun títú, ó ń sunkún. Ìyá ọkọ tó yẹ kó fọ irun rẹ̀ gbọ́ àhesọ náà, ó wọlé káwọ́ sẹ́yìn, ó ní:

“Ẹ mú un padà sílé wọn.”

Jọlásún wólẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

“Màámi, ẹ má bínú, èmi ni mi ò parí ọ̀rọ̀. Ohun tí òòyà sọ gan-an nìyí: ‘Ẹ má fi ọwọ́ líle fọ orí yìí, awọ rẹ̀ rọ̀ bíi ti ìkókó. Ọṣẹ tí kò lóòórùn ni kí ẹ lò.’”