Ẹsẹ̀ Obìnrin Lórí Pèpéle

Obìnrin káfíńtà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ìṣó tó gbẹ̀yìn mọ́ àtẹ̀gùn pèpéle ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá gbẹ́sẹ̀ lé e.

"Dúró ńbẹ̀!" ni díákónì ké. "Obìnrin kì í gun pèpéle wa."

"Bí mi ò bá gùn ún, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò ní gbé yín ṣubú?"

"Ọkùnrin ló máa dán an wò."

"Ọkùnrin wo ló kàn án?" Ó gùn ún dókè, ó fẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì, gbì, pákó ò mì.

"Sọ̀kalẹ̀, kí n tó wá fà ọ́!"

"Ẹ máa bọ̀, sà."

Ojú díákónì pọ́n. Ìyàwó rẹ̀, tó ń nu àga lẹ́yìn wọn, ju àkísà sílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gun àtẹ̀gùn.

"Káfíńtà, sún díẹ̀ fún mi."