Ọkùnrin Tó Kọ̀ Láti Ti Ọgbà Eré Rẹ̀

Ojúkòkòrò ni àbùkù ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, agídí ló sì fi ń bọ́ ọ. Òun ló ni ọgbà eré tó tóbi jù nílùú. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn yípo lókè réré, ọkọ̀ kéékèèké ń sáré lórí irin, omi sì ń gbé àwọn ọmọdé yọ̀ wálẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹnu géètì ni ọkùnrin yìí máa ń dúró sí, tí á máa ké pe àwọn tó ń kọjá pé, "Ẹ máa wọlé, ẹ máa wọlé." Bó ṣe di Baba Ẹ-máa-wọlé nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ni ẹnjiníà tó ń bá a tọ́jú àwọn ẹ̀rọ. Obìnrin yìí ló rí i pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ńlá náà ti dógùn-ún wọnú, pé àfi kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un tò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ti ọgbà yìí pa títí iṣẹ́ á fi parí."

"Ká ti kí ni? Ìgbà táwọn ọmọléèwé máa gba ìsinmi ló ń bọ̀ yìí. Tí mo bá tì í, ọgbà tó wà lódìkejì odò ni wọ́n á gbà lọ."

"Tí ẹ ò bá lè ti gbogbo ẹ̀, ẹ mọ ògiri yí ibi iṣẹ́ ká, kẹ́ ẹ ṣí géètì míì lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba abẹ́ irin kọjá."

"Tapólì tá a bá fi yí i ká ti tó. Ìwé ti pọ̀ jù lórí ẹ."

Àbúrò rẹ̀ ní òun ò ní lọ́wọ́ sí i. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ-máa-wọlé wá àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀, ó fi tapólì yí ibi iṣẹ́ ká, ó sì ní kí wọ́n ya òdòdó sí i lára. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, aránṣọ kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, torí pé ọmọ náà ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Wọ́n tò lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ kéékèèké. Lẹ́yìn tapólì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ẹ̀rọ gbé irin ńlá kan sókè. Ṣéènì já. Irin náà ya tapólì sí méjì. Aránṣọ ti ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ irin náà já lu òun. Apá ọ̀tún tó fi ń di àlùmọ́gàjí mú ni àwọn dókítà wá gé.

Ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà wà nílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń ké, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Ẹ-máa-wọlé ni pé, "Ẹ má pa orin o, káwọn tó kù má baà sá lọ." Orin tó ń dún nínú ọgbà ò dákẹ́ títí wọ́n fi gbé obìnrin náà jáde.

Èyí tó tún burú ni pé ó purọ́ mọ́ ọn. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé ṣe ni obìnrin náà ká tapólì sókè láti ya fọ́tò. Nígbà tí wọ́n pe àbúrò rẹ̀ láti wá jẹ́rìí ní kóòtù, ìyá wọn lọ bá a.

"Ọmọ mi, ọmú kan náà lẹ jọ mu. Bo ẹ̀gbọ́n ẹ láṣìírí."

"Màmá, aránṣọ yẹn náà ní ìyá. Ta ló ń bo tiẹ̀?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àbúrò dúró níwájú adájọ́, ó sọ ìkìlọ̀ tó ṣe àti èsì tí wọ́n fún un. Adájọ́ rán Ẹ-máa-wọlé lọ sẹ́wọ̀n. Ìjọba ti ọgbà náà pa títí láé, wọ́n sì ta àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ láti fi tọ́jú aránṣọ.

Irun orí Ẹ-máa-wọlé ti funfun kó tó jáde lẹ́wọ̀n. Ó lọ sílé aránṣọ láti lọ bẹ̀bẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló jáde sí i. Ó ti dàgbà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Màmá mi ní àwọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá yín sọ."

Ẹ-máa-wọlé kúnlẹ̀ síta níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ibi tí èrò ń wọ́ sí, ẹ gbọ́. Àtúnṣe ńlá kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lórí orí èèyàn. Bí ẹ bá lè ya ibi iṣẹ́ sọ́tọ̀ pátápátá, ẹ yà á. Bí ẹ ò bá lè yà á, ẹ tìlẹ̀kùn, kí ẹ fara da àdánù. Oníbàárà tó bínú lọ lè padà wá, ṣùgbọ́n apá tí wọ́n gé kì í hù. Ẹ̀yin ẹbí náà, ẹ yé fi ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá bo ìkà mọ́lẹ̀: ẹni tó bá ìkà bo ìwà rẹ̀, òun náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ìkà náà bá tún ta sílẹ̀.