Wọn Ò Mira

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rìn!" Ní yàrá ìwádìí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bẹ àwọn eruku tíntìntín inú omi. Láàárọ̀, bó ṣe tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn, tó fi iná mànàmáná díẹ̀ sínú omi náà, ńṣe ni wọ́n ń tò bí ìjàlọ. Nísinsìnyí, nínú awò tó ń sọ kékeré di ńlá, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ ohun róbótó kan tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀, wọn ò mira. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò sì ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀.

"Mọ́mì, mo gbé!"

Ìyá rẹ̀, tó gbé oúnjẹ wá fún un láti Àtàn, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yọ ìgò òróró àdúrà jáde nínú báàgì.

"Fọkàn balẹ̀. Nígbà tó o lọ wẹwọ́, mo ti kán díẹ̀ sínú omi yẹn."